Òwú Funfun ni ti Onísùúrù

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni àbúrò mi obìnrin gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ síwájú mi lórí káńtà, láàárín àpò ọṣẹ àti ìdì aṣọ ìbora tí mo ń kà lọ́wọ́. Kò sọ̀rọ̀. Àbúrò mi kì í dákẹ́, nítorí náà mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Kí ni?"

"Ẹ kà á, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná."

"Mi ò fi ìdí kàwé."

Ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ wa lórí ayélujára ni, níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń kọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí sí lójú wọn. Ẹnì kan ti fún wa ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo nínú márùn-ún. Kò fi orúkọ gidi síbẹ̀. Onísùúrù ló pe ara rẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

"Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí kì í pariwo, ẹ má kó aṣọ yín lọ síbẹ̀. Wọ́n á fi òwú funfun ran àmì sínú rẹ̀. Ìtumọ̀ àmì yẹn ni pé ẹni yìí á dúró, ẹ gbé tirẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń jà, òwú dúdú ni wọ́n ń fi sí tirẹ̀, tirẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń kó aṣọ lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni pé sùúrù ò lérè."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo gbójú sókè, mo wo ẹ̀yìn yàrá, níbi tí Kòjórí, òṣìṣẹ́ wa, ti ń fi áyọ́ọ̀nù sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, tó ń fi orí ahọ́n kan ètè bó ṣe máa ń ṣe tó bá dé ibi tí ó le.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ òwú yìí. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fọṣọ jẹun. Ohun tí mo kórìíra jù láyé ni kí nǹkan ṣòfò: omi, ọṣẹ, ọ̀rọ̀, àkókò. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé alárìíwísí kan lè dúró níwájú káńtà kó gba àkókò tí a lè fi ṣe aṣọ èèyàn mẹ́wàá. Mo wá ronú ọ̀nà. Bí aṣọ bá ti wọlé, àbúrò mi á fi abẹ́rẹ́ ran òwú kékeré kan sínú ọrùn rẹ̀ tàbí sí ìbàdí ṣòkòtò. Dúdú ni ti oníwàhálà: kíá, kó máa lọ. Pupa ni ti ẹni tó ní ọjọ́ pàtó. Funfun ni ti onísùúrù: ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹni tó bá ń ká aṣọ sínú ọ̀rá ló gbọ́dọ̀ tú òwú náà kí aṣọ tó kúrò nílé. Mo rò pé mi ò pa ẹnikẹ́ni lára.

Èèyàn mẹ́ta ló mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi, àbúrò mi, àti Kòjórí.

Kòjórí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé wọn. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́, aṣọ kankan ò jó mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Àbúrò mi a máa sọ pé bí òun bá dé ọ̀run àpáàdì, ẹ̀yìn Kòjórí lòun máa sá sí.

Mo gbé fóònù àbúrò mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tẹ ìdáhùn.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kínú yín rọ̀ ná."

"Inú mi ti rọ̀. Bó bá le, wàá mọ̀."

Mo kọ ọ́ pé: "Irọ́ pátápátá ni. Kò sí òwú kankan nínú aṣọ ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Ọ̀tá ló kọ èyí. Ẹni tí iṣẹ́ wa ò bá tẹ́ lọ́rùn, odò ò tíì gbẹ, kó lọ fọ tirẹ̀ níbẹ̀."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti dá mi lóhùn. Obìnrin kan ya fọ́tò ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀: òwú funfun rèé, ó hàn ketekete lára aṣọ búlúù. Ọkùnrin kan kọ ọ́ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí kóòtù òun ń ṣe lọ́dọ̀ wa fún odidi oṣù kan. Ẹlòmíràn tún ya tirẹ̀: "Tèmi dúdú ni. Ẹ ṣeun o. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń bẹ̀rù mi láyé yìí. Màá lọ fi han ìyàwó mi."

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé o kì í tú òwú yẹn kí aṣọ tó jáde ni?"

"A máa ń kánjú, Àǹtí. Tọwọ́ bá kún, mo máa ń fo àwọn kan."

"Àwọn wo lo máa ń fò?"

Ó wolẹ̀. "Àwọn onífunfun. Wọn kì í sọ̀rọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, ó gbìyànjú láti tún un ṣe lọ́nà tirẹ̀, kò sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ mi. Ó pe mọ̀lẹ́bí. Nígbà tí mo máa débi iṣẹ́, ìràwọ̀ márùn-ún-márùn-ún ti wà níbẹ̀ lọ́nà méje. Ọ̀kan ní: "Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa fún yín lágbára." Ọmọ bàbá wa ọkùnrin tó ń gbé níbi ìrìn ọjọ́ kan gbáko kọ ọ́ pé àràárọ̀ lòun ń kó aṣọ wá sọ́dọ̀ wa. Ìkẹta sọ pé: "Iṣẹ́ wọn dára. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mi ò lè parọ́ fún yín." Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí kọ ọ́ sábẹ́ èyí pé: "Ẹ kú ìpàdé mọ̀lẹ́bí o. Màmá ńkọ́? Ṣé wọn ò ní kọ tiwọn ni?"

Màmá ti kọ tiwọn. Òun ni ìkẹrin láti òkè.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: ta ló sọ ọ̀rọ̀ yìí jáde? Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo wo inú ilé. Mo rántí pé ní ọdún tó kọjá, Kòjórí ti gbé aṣọ onífunfun kan dání, ó ní, "Ọ̀gá, àwọn èèyàn wọ̀nyí ló máa ń kí mi tí wọ́n bá wọlé. Àwọn olówùú dúdú kì í wojú mi. Kí ló dé tí a fi ń jẹ ẹni tó ń kí wa níyà?" Mo ní kó gbájú mọ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó gbájú mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo wá mú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí oníbàárà àkọ́kọ́ jáde, mo lọ bá a nídìí tábìlì.

"Kòjórí, ta lo sọ ọ̀rọ̀ òwú fún?"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Ọ̀gá."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ò bèèrè òwú lọ́wọ́ mi rí. Ohun tó ń bèèrè ni ìdí tí mo fi ń pẹ́ délé."

"Èèyàn mẹ́ta ló mọ̀. Èmi kọ́. Àbúrò mi kọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun kọ́?"

"Àbúrò mi ni."

Àbúrò mi wà níwájú káńtà, ó ń ka aṣọ tó ti kà tẹ́lẹ̀.

"Bí kì í bá ṣe ìwọ," ni mo wí, "sọ ẹni tó jẹ́ fún mi. Bí o kò bá lè sọ ọ́, máa lọ sílé."

"Ó yé mi, Ọ̀gá."

Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ló kù lórí tábìlì. Ó áyọ́ọ̀nù rẹ̀ tán, ó fà á tọ́, ó gbé e kọ́ sórí hángà. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó ká wáyà rẹ̀ dáadáa, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó pa á pọ̀ sí mẹ́rin. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Kóòtù aláwọ̀ eérú yẹn, ẹ má fi ooru tó pọ̀ sí i. Kò lágbára tó bó ṣe rí lójú."

Ó sì lọ. Mo jókòó, mo tún kọ ìdáhùn kejì sórí ayélujára: "A ti rí ẹni tó ń ba orúkọ wa jẹ́. Ẹni tó ń bá wa áyọ́ọ̀nù ni. A ti lé e nítorí àìṣòótọ́. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ."

Àbúrò mi kà á, ó ní, "Àǹtí, gbogbo ẹni tó ń kó aṣọ wá síbí ló mọ̀ ọ́n o."

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́."

Láti ọjọ́ kejì, èmi ni mo bọ́ sídìí áyọ́ọ̀nù. Iṣẹ́ tí mo rò pé mo mọ̀ ni. Mo ti gbàgbé pé kì í ṣe ọwọ́ ló ń rẹni nídìí tábìlì yẹn, àtẹ́lẹsẹ̀ ni. Aṣọ ń gorí ara wọn. Òwú dúdú, òwú pupa, òwú funfun, gbogbo wọn ti di ọ̀kan náà, torí kò sí èyí tó ń tètè jáde nínú wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rẹ́ mi wọlé. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. A ti jọ ń rìn láti ìgbà tí eyín iwájú wa ò tíì hù padà. Kò sí ọjọ́ Ẹtì tí kì í wá jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tá a máa sọ̀rọ̀ títí màá fi ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ gbà mí o! Ìwọ lo ń áyọ́ọ̀nù? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Jókòó."

"Bó o ṣe dì í mú yẹn, àfi bí ẹni tó fẹ́ fi fọ́ èèyàn lórí. Kòjórí ńkọ́? Ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Mo ti lé e."

Tíṣà ti tẹ̀ ba díẹ̀ láti jókòó. Kò jókòó mọ́. "O lé ta?"

"Ṣé o ò rí ohun tó kọ nípa mi ni? Gbogbo ayé ti kà á. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tọ́jú ejò sábẹ́ òrùlé."

Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì.

"Kòjórí kọ́ ló kọ ọ́."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Mo gbọ́ òórùn. Nígbà tí mo máa gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ó ti pẹ́ jù: ojú rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, ó pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ wáṣẹ́ ni.

"Ìwọ?"

"Èmi."

"Ta ló sọ nípa òwú fún ọ?"

"Ìwọ. Níbí yìí. Á tó ọdún mẹ́jọ. Ò ń rẹ́rìn-ín, o ní o ti rí ọgbọ́n kan tí kò sí nínú ìwé. O fi àwọn òwú náà hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ pe àwọn onífunfun ní òpè."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rántí. Mi ò ka Tíṣà mọ́ àwọn tó mọ̀, torí lójú mi, sísọ fún Tíṣà kì í ṣe sísọ fún ẹlòmíràn. Ó dà bí ìgbà tí mo bá ń dá sọ̀rọ̀.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Aṣọ dúdú mi."

Mo mọ aṣọ náà. Oṣù méjì sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú. Ó gbé aṣọ náà wá nígbà tí ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́wàá.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá wò ó," ni Tíṣà wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo ní kí n jókòó, kí n mumi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yá. Aṣọ aládùúgbò mi ni mo wọ̀ lọ sin ẹ̀gbọ́n mi. Ó tóbi, wọ́n fi pín-ìn-nì mú un lẹ́yìn, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ bu iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tó o wá fún mi ní tèmi lọ́sẹ̀ kejì, mo ní kò sí wàhálà. Mo délé, mo rí òwú funfun nínú ọrùn rẹ̀. Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo kó gbogbo aṣọ mi jáde. Òwú funfun mẹ́fà ló wà lára wọn. Mẹ́fà! Gbogbo ìgbà tí mò ń bá ọ fi àwọn òpè rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni mo ṣáájú ìlà wọn."

Èmi ni mo ní kí wọ́n fi funfun sí i. Ọjọ́ tí àbúrò mi bi mí pé èwo ni ti Tíṣà, mo ní, "Funfun. Ọ̀rẹ́ mi ni, ibo ló fẹ́ lọ?" Mi ò sọ ìyẹn fún Tíṣà. Àbúrò mi tó mọ̀ ọ́n sì wà níwájú káńtà, ó ń tún ìdì aṣọ kan dì.

Ohun tí mo sọ ni pé, "Ò bá sọ ọ́ fún mi lójú."

"Mo ní aṣọ yẹn ṣe pàtàkì. O ní kí n mumi."

"Ìyẹn ni pé kó o lọ bọ́ mi síhòòhò lójú ọjà?"

"Mi ò dárúkọ rẹ."

"O dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kí ni mo tún ń jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn?" Mo wá rántí nǹkan kan. "Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, o jókòó síbí. Ṣé o ti kọ ọ́ nígbà yẹn?"

Ó ń tún okùn báàgì rẹ̀ ṣe.

"Mo bi ọ́ ni."

"Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Mi ò tíì gbé e sórí fóònù."

"O jókòó síbí, o sì bá mi ṣa bọ́tìnnì."

"Mo bá ọ ṣà á."

Bọ́tìnnì tó já bọ́ lára aṣọ ni, a máa ń ṣà wọ́n sínú agolo ní ìwọ̀n-ìwọ̀n. Nǹkan bíi wákàtí kan ni a fi ṣe é lọ́jọ́ náà. Ó tilẹ̀ kọrin díẹ̀. Bí ẹnì kan bá bú mi lójú títì, mo lè bú u padà, kó sì tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí èèyàn ń fi wákàtí bẹ́ẹ̀ ṣe.

"Màá pa á rẹ́," ni Tíṣà wí. "Nísinsìnyí, lójú rẹ."

"Pa á rẹ́ kí ni? Kí wọ́n lè sọ pé mo fún ọ ní nǹkan? Fi í sílẹ̀. Òótọ́ ni."

"Jọ̀ọ́, má sọ fún Kòjórí pé èmi ni. Ojú ń tì mí."

"Ojú rẹ ò tì ọ́ nídìí bọ́tìnnì. Máa lọ."

Ó mú báàgì rẹ̀. Ó dúró díẹ̀, bóyá kí n lè pè é padà. Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì tó jó, mo ń wò ó títí mo fi gbọ́ pé ilẹ̀kùn padé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sílé Kòjórí. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ni. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó kí mi bó ti yẹ, kò sì kúrò lójú ọ̀nà títí ọkọ rẹ̀ fi ní kó jẹ́ kí n wọlé. Yàrá náà kéré, ó mọ́ tónítóní. Àga méjì, tábìlì kan, aṣọ iléèwé àwọn ọmọ tó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìlà áyọ́ọ̀nù wọn gún bí ojú ọ̀bẹ.

"Ẹ kú àárọ̀, Ọ̀gá. Ẹ jókòó."

"Màá dúró. Mo ṣẹ̀ ọ́, Kòjórí. Ìwọ kọ́ ló sọ ọ́."

"Ta ni?"

"Èmi ni. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹni tí mo fẹnu ara mi sọ ọ́ fún ló kọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan, kì í ṣe ti ìdùnnú. "Ẹ̀yin fúnra yín."

"Èmi fúnra mi. Padà síbi iṣẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ lahùn láti ìdí ààrò: "Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ti kọ ìyẹn sí ibi tí wọ́n kọ ti àkọ́kọ́ sí."

"Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀," ni Kòjórí sọ fún un. Ó yíjú sí mi. "Ọ̀gá, ilé ìfọṣọ kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá tó ni ín ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Lánàá ó pè mí. Ó ti ka ohun tí ẹ kọ. Ó ní òun ò lè gba ẹni tí wọ́n lé nítorí àìṣòótọ́, torí aṣọ àwọn dókítà ló ń wọlé sọ́dọ̀ òun, wọ́n sì máa ń gbàgbé nǹkan sápò. Ọwọ́ mi ni mo fi ń jẹun, kò sẹ́ni tó bi mí nípa ọwọ́ mi."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o padà sọ́dọ̀ mi."

"Rárá, Ọ̀gá."

"O ò dárí jì mí?"

"Mo ti dárí jì yín. Ìyẹn yàtọ̀, iṣẹ́ yàtọ̀." Kò gbóhùn sókè. "Ẹ ka èèyàn mẹ́ta, ẹ sì yọ àbúrò yín kúrò kí ẹ tó bi í ní ohunkóhun. Ó wá ku èmi nìkan. Bí nǹkan míì bá tún bàjẹ́ lọ́la, ẹ ó tún kà á bẹ́ẹ̀, ẹnì kan náà ló sì máa kù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi rò pé mo wà nínú kíkà yẹn pẹ̀lú yín. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ni mo fẹ́. Ibi tí ẹ ti kó ìdọ̀tí bá orúkọ mi, níbẹ̀ ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ yín náà kúkú ni."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ilẹ̀kùn, mo mú bírò. Àbúrò mi ní kí n sọ pé àṣìyé ni, pé a ti yanjú rẹ̀ nítùbí-ìnùbí, gbogbo ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní bó bá tún sọ bẹ́ẹ̀, òun ni màá fi sídìí áyọ́ọ̀nù.

Ojú ewé kan àti àbọ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo kà á, mo sì rí i pé àwáwí ló kún inú rẹ̀: bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó, bí àwọn oníwàhálà ṣe ń dá wa lágara, bí ọ̀rẹ́ ṣe da ọ̀rẹ́. Mo fa igi sí gbogbo rẹ̀. Ohun tó kù ni mo ní kó tẹ̀:

"Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Èmi ni mo kọ ìdáhùn méjèèjì tó ṣáájú èyí, irọ́ sì ni méjèèjì. Òwú wà. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù pẹ̀lú wa, òun la ń fìyà jẹ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wọn. Láti òní lọ, aṣọ tó bá kọ́kọ́ dé la ó kọ́kọ́ ṣe. Ọkùnrin tó ń bá wa áyọ́ọ̀nù ò tú àṣírí kankan. Ẹnu èmi fúnra mi ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Mo fẹ̀sùn èké kàn án, mo sì lé e. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi bá mi ṣiṣẹ́. Aṣọ kan ò jó mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ rí. Ìràwọ̀ márùn-ún méje tí ẹ rí nísàlẹ̀, mọ̀lẹ́bí mi ló kọ ọ́. Ẹ má kà wọ́n kún un."

Àbúrò mi gbé ìka sókè lórí fóònù. "Títí kan ti Màmá?"

"Títí kan ti Màmá."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Mi ò fi orúkọ Tíṣà síbẹ̀. Kì í ṣe nítorí tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ò lè ṣe Kòjórí láǹfààní kankan, ọ̀rọ̀ tí kò bá sì wúlò, mi kì í kọ ọ́.

Àwọn kan wá kó aṣọ wọn lọ láìfọ̀. Àwọn kan kọ ọ́ pé ó tó báyìí. Olówùú dúdú tó fẹ́ fi tirẹ̀ han ìyàwó rẹ̀ wá, ó ní òun fẹ́ kí òwú òun wà níbẹ̀. Mo ní kò sí mọ́, kó lọ dúró sí ìlà. Tíṣà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kà wọ́n, mi ò fèsì. Nígbà tá a pàdé lójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán." Mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán." Láti kékeré wa, a ò kí ara wa bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù ṣọ́ọ̀bù dún. Ìyá tó ni ilé ìfọṣọ ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ohun tí mo kà yìí?"

"Èmi ni."

"Kò sẹ́ni tó fipá mú yín?"

"Ta ló fẹ́ fipá mú mi?"

"Ẹ má bínú, èèyàn gbọ́dọ̀ bèèrè ni. Aṣọ ò jó mọ́ ọn lọ́wọ́ rí lóòótọ́?"

"Lóòótọ́. Tèmi jó lọ́jọ́ kẹta tó lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Irú èèyàn báyìí, kí ló dé tí ẹ ò pè é padà?"

"Mo pè é. Kò gbà."

"Ó dáa. Màá ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Ó fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Mo ní kó dúró. Mo sọ fún un pé kó gbé tábìlì Kòjórí jìnnà sí fèrèsé, torí kì í fẹ́ kí oòrùn máa tàn sórí aṣọ tó bá ń áyọ́ọ̀nù. Pé kó má bá a sọ̀rọ̀ tó bá dé ibi ọrùn kóòtù. Àti pé tó bá sọ pé òun ò sọ nǹkan, kó gbà á gbọ́.

Ó ní òun ti gbọ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.